Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀: ibi tí àdúgbò ti ń fi owó ṣòfò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, lápá Ọbántókò l'Abẹ́òkúta níbí, ohun kan náà ni mo sì ń rí lọ́dọọdún. Wọ́n á yan alága tuntun, alága á dá owó lé onílé kọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì méjì, ó di Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn wà. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà wálé. Owó ti lọ, kòtò ṣì wà níbi tó wà. Ó ń dùn mí, torí owó opó àti ti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà nínú ohun tí wọ́n ń ná yẹn.

Èkíní, ẹ yé gbé ẹ̀bẹ̀ lọ lóṣù Kejìlá. Nígbà tí gómìnà bá fi máa ka ìṣúná níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọbẹ̀ ti jinná. Láti nǹkan bí àárín ọdún ni wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìpàdé ìlú tí wọ́n máa ń pè lẹ́kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àárín Gbùngbùn, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, ṣáájú kíkà yẹn ló wà. Bó bá fi máa di oṣù Keje, kí lẹ́tà yín ti wọlé.

Èkejì, ẹ mọ ẹni tó ni nǹkan kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ilé ìwòsàn Ìjàyè, ti ìpínlẹ̀ ni. Èyí tó wà ní Ìdí-Àbà, ti àpapọ̀. Ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà àti òpópónà kéékèèké wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin ọdún 1999 kà sí ti ìjọba ìbílẹ̀. Mo sì ti rí ará Ọbántókò tó ń gbé lẹ́tà lọ sí Àkè, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá ló wà.

Ẹ̀kẹta, “ẹ bá wa ṣe ọ̀nà” kò tó. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lásìkò òjò.

Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ tó bá ní òun á bá yín fi orúkọ àdúgbò yín sínú ìwé.

Èyí tó ń ká mi lára jù wá ni ká rí orúkọ àdúgbò nínú ìṣúná, ká rò pé owó ti délẹ̀. Ìṣúná ìpínlẹ̀ Ògùn fún ọdún 2024 jẹ́ bílíọ̀nù 703 náírà. Ti ọdún 2025 lé ní tírílíọ̀nù kan. Bí èèyàn bá gbọ́ tírílíọ̀nù, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n ti ka owó náà sórí tábìlì. Ohun tí ìjọba ń retí ni: owó orí tó ń pa wọlé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílùú Agbára àti Ọ̀tà ń dá lára rẹ̀, ìpín tó ń ti Àbújá wá, àti owó tó fẹ́ yá. Bí èyí tí wọ́n retí ò bá pé, owó oṣù ò ṣeé dá dúró, iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Iṣẹ́ àkànṣe sì ni gọ́tà tiyín.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Lọ́dún kan, a rí gọ́tà òpópónà wa nínú ìwé ìṣúná, pẹ̀lú iye owó. Mo fi báírò pupa fàlà sí i nídìí, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo onílé. A pa àgbò, a rán aṣọ kan náà, a gbé pátákó ìdúpẹ́ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ló fọwọ́ sí ìnáwó yẹn. Ó di oṣù Kẹwàá, a ò rí katakata kan. Mo bá wá ìròyìn ìnáwó olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á: iye tí wọ́n buwọ́ lù, iye tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́ta náà, iye tí wọ́n ti ná látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ìyókù. Lórí ìlà tiwa, òdo tẹ̀ lé òdo, odidi owó náà sì jókòó sábẹ́ ìyókù.

Mo lọ bá ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. “Màmá, ẹ ò kúkú padà wá mọ́.”

Ilé-iṣẹ́ tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè owó kó tó lè jáde. Àwọn àdúgbò tó ń yọjú, tiwọn ni ilé-iṣẹ́ náà ti kọ̀wé béèrè. Owó àgbò yẹn nìkan ì bá gbé ẹnì kan lọ sí Òkè-Mọ́sàn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹnì kan tó nìyẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀sì méjì. Kó mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì dání, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èyí tó máa mú padà wálé. Bí wọn ò bá fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ dé, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ lóṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọdún bá sì parí láìṣe é, ẹ tún un kọ, torí iṣẹ́ kì í dédé rìn wọ inú ìṣúná tuntun. A tún tiwa kọ. Lọ́dún kẹta wọ́n fi kọnkéré ṣe gọ́tà náà, láti ìkóríta dé iwájú ilé alágbẹ̀dẹ. Èyí tó kù, láti ibẹ̀ dé ẹ̀bá odò, wà nínú lẹ́tà tọdún yìí, òǹtẹ̀ oṣù Kẹfà sì ti wà lára ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì mi.