Bí wọ́n bá ti èèyàn yín mọ́lé láìtọ́

Kí ẹ tó fi ariwo ta, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú un, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, àti orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá.

Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà (constitution) ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi bí ilé ẹjọ́ bá fi kún un.

Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá lọ́yà. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlànà ilé ẹjọ́ lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 gbà kí ẹlòmíràn pẹjọ́ nítorí ẹni tó wà ní àhámọ́. Ìwé ìbúra (affidavit), ìyẹn ẹ̀rí tí èèyàn kọ sílẹ̀ tó sì búra sí láti fi ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn, ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹni tó búra gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé àhámọ́ ni kò jẹ́ kí onítọ̀hún búra fúnra rẹ̀. “Mo gbọ́ pé wọ́n lù ú” kò tó. Ta ló sọ ọ́? Nígbà wo? Níbo?

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Facebook, bí ẹbí àti lọ́yà bá fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá o.