Kíndìnrín Tí Agúnabẹ́rẹ́ Ń Sọ Kì í Ṣe Kíndìnrín Tí Dókítà Ń Yẹ̀ Wò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé

A kọ ìwé yìí fún àwọn ìdílé Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lọ́nà àwọn ará Ṣáínà. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń rí léraléra ló mú wa kọ ọ́. Agúnabẹ́rẹ́ á sọ fún ènìyàn pé Omi rẹ̀, ọ̀kan nínú agbára márùn-ún tí ẹ̀kọ́ wọn ń sọ, kò lágbára, pé ó ti rẹ kíndìnrín rẹ̀, onítọ̀hún á sì darí sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé kíndìnrín òun ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, ẹlòmíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń dùbúlẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àti bí a ṣe ń sinmi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, a kò ní tún un sọ.

Wǔxíng ni àwọn ará Ṣáínà ń pe ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Igi, Iná, Ilẹ̀, Irin àti Omi ni márùn-ún náà, ṣùgbọ́n ìrìn ni ọ̀rọ̀ náà xíng túmọ̀ sí, kì í ṣe ohun tí a lè bù sínú igbá. Igi ni agbára tó ń mú ewé yọ nígbà ìrúwé, Iná ni ti ìgbà ooru, Ilẹ̀ ni ti ìparí ooru tí irè oko ń gbó, Irin ni ti ìgbà ìwọ́wé, Omi sì ni ti ìgbà òtútù tí ohun gbogbo ń fara pamọ́. Zou Yan, onímọ̀ ará Ṣáínà tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, lo ẹ̀kọ́ yìí láti ṣàlàyé bí ìdílé ọba kan ṣe ń gba ìjọba lọ́wọ́ òmíràn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn sì mú un wọ inú Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ka kíndìnrín sí ti Omi, wọ́n ka ẹ̀dọ̀ sí ti Igi, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ ni wọ́n ń fi í sọ, kì í ṣe àwòrán ẹran ara. Nínú ìwé náà, agbára kíndìnrín ló ń mú kí eyín ọmọbìnrin pààrọ̀ ní ọdún 7, tí ti ọmọkùnrin sì ń pààrọ̀ ní ọdún 8. Kò sí dókítà ilé ìwòsàn tó máa fi eyín ọmọ mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà.

Ìlà kìíní ni ti bíbọ́: Omi ń bọ́ Igi, Igi ń bọ́ Iná, Iná ń di eérú tó ń bọ́ Ilẹ̀, inú Ilẹ̀ ni Irin ti ń jáde, Irin sì ń bí Omi. Ìlà kejì ni ti ìkóníjàánu: Igi ń la Ilẹ̀, Ilẹ̀ ń sé Omi, Omi ń pa Iná, Iná ń yọ́ Irin, Irin ń gé Igi. Ìlà méjèèjì yìí ni agúnabẹ́rẹ́ ń tẹ̀lé. Lórí ọ̀nà 12 tí wọ́n ní agbára ń gbà kọjá lára, ojú ibi tí wọ́n ń gún, márùn-ún lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ló jẹ́ ti ẹ̀kọ́ yìí, láti orí ìka ọwọ́ dé ìgúnpá àti láti orí ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 60. Bí ó bá ní ẹ̀dọ̀ yín, tí í ṣe Igi, kò lágbára, ìyá rẹ̀, ìyẹn Omi tó ń bọ́ ọ, ni yóò gbé ró, yóò sì gún ojú Omi tó wà lórí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ náà, Ququan, ní ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dọ̀ ló dárúkọ, orúnkún ni abẹ́rẹ́ wọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. R. Worsley, agúnabẹ́rẹ́ tó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Leamington Spa, ló sọ ìtọ́jú tó ń tẹ̀lé márùn-ún yìí di olókìkí. Àwọn tó ń tẹ̀lé e máa ń wo àwọ̀ ojú, wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọ́n ń gbọ́ òórùn ara, wọ́n sì ń wo bí inú ẹni ṣe rí. Ìbẹ̀rù àti ohùn ìkérora ni àmì Omi lọ́dọ̀ wọn. Nípa báyìí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbọ́ pé kíndìnrín òun kò lágbára nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ le koko. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ ní tòótọ́ náà lè máà gbọ́ nǹkan kan, èyí ló sì ń bà wá lẹ́rù jù.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí pé adùn iyọ̀ jẹ́ ti Omi, àwọn kan ti ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ kí Omi wọn lè lágbára. Àìmọ̀kan gbáà ni èyí. Gíráàmù 6 lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, ni àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá, iyọ̀ inú búrẹ́dì àti ti magí sì wà nínú rẹ̀. Huangdi Neijing fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé àjẹjù iyọ̀ ń mú kí ìṣàn inú iṣan dì.

A kò ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn ìjọba, fọwọ́ sí i ní 2012 láti dín ẹ̀fọ́rí túúlu kù, kò ju ìgbà 10 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8, wọ́n sì fi ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan kún un ní 2021. Kò sí kíndìnrín nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀yà inú yín, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹ̀yà ara náà gan-an ni tàbí ọ̀kan nínú márùn-ún. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín sínú ìwé kí ẹ sì fi han agúnabẹ́rẹ́, pàápàá warfarin àti oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì; aboyún gbọ́dọ̀ sọ pé òun lóyún kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ má ṣe dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì hóró, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí mímí bá ṣòro lẹ́yìn tí wọ́n gún àyà tàbí èjìká, ẹ pe 999. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tí ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ìdílé yín, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀ ni kí ẹ gbé lọ.