Bí a ṣe ń ta fọ́ìlì sábẹ́ páànù kí yàrá má baà di ààrò lóṣù Ẹrẹ́nà

Bí agogo méjì ọ̀sán bá lù lóṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin, ẹ gun àkàbà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílíìn yàrá yín. Bó bá gbóná bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọbẹ̀ sí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Fáànù nìkan ò lè gbà yín, torí sílíìn yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ta ooru sí yín lórí.

Ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń dín wàrà. Iná á máa ta sí yín lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ àárín yín kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọmọrí ìkòkò bojú, ooru náà á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Irú ooru tó ń ta bí ìmọ́lẹ̀ yìí ni fọ́ìlì ń dá padà: nínú 100 tó bá kọlù ú, nǹkan bí 95 ló ń padà síbi tó ti wá. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba náà mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀yìn irin tó ń mú ilé móoru ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ooru tí wọ́n fowó rà má baà gba ara ògiri sá jáde. Ó wúlò lára ògiri tó kọjú síta tí wọn ò fi nǹkan kan tẹ́ nínú. Lára ògiri tó pín yàrá sí méjì, owó ṣòfò ni, torí inú ilé kan náà ni ooru ọ̀hún ń lọ. Tiwa, òkè ló ti ń bọ̀, òkè la ó ti pàdé rẹ̀.

Ilé tí páànù bò, tí sílíìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ tàbí tí kò tilẹ̀ ní sílíìn, ni iṣẹ́ yìí yẹ. Bí dẹ́kìn bá wà lórí yàrá yín, ẹ fi owó yín sápò.

Fọ́ìlì tí ẹ ó rà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá híhun bí àpò ìrẹsì. Fọ́ìlì ìdáná máa ń ya bí atẹ́gùn bá ti fọwọ́ kàn án, ojú fèrèsé ni mo máa ń lò ó sí: mo ń fi sítááṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo sì ń gbé e dí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lọ́sàn-án. Ẹ má gbé páálí lọ sí àjà o, ikán àti iná ló ń pè. Ìṣó kékeré tó láti fi kàn án mọ́gi. Abẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi ìdérí ìgò míńírà tí mo ti fi òòlù lù pẹlẹbẹ sí, kó má baà ya fọ́ìlì kọjá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, mi ò sì tíì rí ohun tó dára jù wọ́n lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé. Mo dé ilé kan ní àdúgbò Tánkẹ̀ n'Ílọrin tí káfíńtà ti tẹ fọ́ìlì mọ́ páànù gbagbaagba, ó kọ ojú tó ń dán sókè, ẹ̀yìn ọ̀rá sì wà nísàlẹ̀. Baálé ilé ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Báwo ni yóò ṣe rí i? Irin tó fara kan irin, ṣe ni ooru ń ti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ojú tó ń dán gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, láìfara kan ohunkóhun. Bí kò bá sí àlàfo lójú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Àwọn mìíràn a tẹ́ ẹ sórí sílíìn bí ẹní, ojú dídán sókè. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọyẹ́ kan ṣoṣo, eruku á bò ó bí àtíkè, dídán ti tán nìyẹn. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ ojú dídán sí. Ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú, wọ́n ń bi mí pé òkè kọ́ ni ooru ti ń bọ̀ ni? Òkè ni. Àmọ́ irin tó ń dán kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ooru sílẹ̀ bó tilẹ̀ gbóná, eruku kò sì lè bà lé ojú tó dà dé. Abẹ́ igi òrùlé ni kí ẹ kàn án mọ́, kí àlàfo wà láàárín òun àti páànù, ó kéré tán ìwọ̀n ìka méjì. Kó sì jìnnà sí sílíìn.

Àṣìṣe mìíràn wà tó lè pa èèyàn. Fọ́ìlì ń gbé iná mànàmáná. Lọ́dún 2009, nígbà tí ìjọba Ọsirélíà ń sanwó kí wọ́n fi nǹkan adènà ooru sí àjà ilé, iná gbé ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tẹ́ fọ́ìlì sínú àjà, ó sì kú: ìṣó irin ló gba ara fọ́ìlì wọnú wáyà. Wáyà tí eku ti jẹ ara rẹ̀ kún àjà ilé wa. Ẹ pa iná níbi mítà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà, kí ẹni tó mọṣẹ́ iná yẹ gbogbo wáyà wò kí fọ́ìlì tó gòkè. Ibi tí wáyà bá gbà kọjá lára igi, ẹ má kan ìṣó síbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án, torí kò sẹ́ni tó lè dúró sábẹ́ páànù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ bo imú. Ẹ tẹ igi, ẹ má tẹ sílíìn. Láti ìgun kan dé èkejì, ẹ máa tẹ́ ẹ lọ, kí etí ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀. Ẹ má dí orí òrùlé àti etí rẹ̀ pa. Ooru tó há sókè gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi bo ihò náà nítorí àdán.

Lọ́jọ́ kejì, lágogo méjì kan náà, ẹ tún fọwọ́ kan sílíìn. Ìyàtọ̀ ọ̀sán ni ẹ ó rí. Lálẹ́, ooru tí búlọ́ọ̀kù ògiri ti gbà sára ṣì ń jáde, fọ́ìlì ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì gòkè. Ibi tí omi bá ti dúró sórí fọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè ibẹ̀ tàbí ìtòsí rẹ̀ ni páànù ti lu. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí ẹ pe káfíńtà.