Nǹkan Jẹ Ọmọ, A Ò Rí I: Aago àti Bírò Ṣáájú Oògùn

Ọmọ jí, itan rẹ̀ wú, ó ń họ ọ́ ṣáá. Ẹ gbọn aṣọ ibùsùn, ẹ ò rí nǹkan kan. "Kí ló jẹ ẹ́?" ni gbogbo ilé máa ń bèèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ran dókítà lọ́wọ́. Ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ, tí ìdun jẹ, tí èèrà jẹ, wọ́n jọra gan-an lára ọmọdé. Àkókò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yára wú tó, ọjọ́ tí yíyún yí padà di ìrora. Òbí tó bá lè sọ ìwọ̀nyí láìṣì ti bá dókítà ṣe ìdajì iṣẹ́.

Èyí tí kò ṣeé fi sùúrù sí

Tí ètè tàbí ahọ́n ọmọ bá ń wú, tí ohùn rẹ̀ há, tí mímí nira fún un tàbí tí àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè, tí gbogbo ara rẹ̀ sú lójijì, tó ń bì léraléra, tàbí tó rọ bí ẹni tó fẹ́ dákú, ẹ má wá ìpara kiri. Ara rẹ̀ ló ń bá oró kòkòrò náà jà ju bó ṣe yẹ lọ, abẹ́rẹ́ adrenaline ló sì lè gbà á sílẹ̀. Inú ẹran itan, lápá òde, ni wọ́n ń gún un sí. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 0.01 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì ju 0.3 mg lọ fún ọmọdé. Tí ẹ bá ní èyí tó dà bíi bírò nílé, tí wọ́n ti wọn oògùn sínú rẹ̀, 0.15 mg ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ tó wọn kílò 15 sí 30. Ẹ gún un, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Tó bá jẹ́ mímí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, ẹ jẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ lè gún un lẹ́ẹ̀kejì. Oògùn yíyún kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ti wú. Ibi tí àkókò ti máa ń ṣòfò jù nìyẹn. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró ní ilé ìwòsàn fún wákàtí mélòó kan, torí ó lè padà wá.

Bí ọmọ bá ní ibà, tí àmì pupa tàbí àmì àlùkò sì wà lára rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ife gíláàsì tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àmì náà kò bá parẹ́ lábẹ́ gíláàsì, ó lè jẹ́ àrùn tó ti wọ ẹ̀jẹ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ní òru tàbí ní ọ̀sán. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ kékeré tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹran ara rẹ̀ ń fò, tí ojú rẹ̀ sì ń yí lódìlódì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkéekèé ló ta á. Ojú ihò méjì tí ibẹ̀ ń yára wú, ẹ fura sí ejò. Ẹ má gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà dúró sójú kan, kí ẹ gbé ọmọ lọ.

Wákàtí àkọ́kọ́

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú àwọn tí a kà sókè yìí, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ibẹ̀. Bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ tó bá wà nítòsí kí ó tó há. Aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún fi lé e. Ẹ gé èékánná ọmọ. Èékánná ló ń gbé kòkòrò àrùn wọ inú awọ ara, kì í ṣe ohun tó jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá rí ẹ̀gún oyin lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá. Bóyá èékánná ni tàbí ẹ̀gbẹ́ káàdì, kò já mọ́ nǹkan kan. Àpò oró tó wà lẹ́yìn ẹ̀gún náà ṣì ń tú oró sára, ìyára ló ṣe pàtàkì.

Eégbọn tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara gba sùúrù. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹ fi di eégbọn mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ara, kì í ṣe ní ikùn rẹ̀, kí ẹ fà á sókè gbọnrangandan, díẹ̀díẹ̀, láìyí i. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi epo kùn ún. Bó bá ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ ló máa ń bì sínú ara ọmọ, ibẹ̀ sì ni àrùn ti ń wọlé. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ẹ kọ déètì sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí kòkòrò yòówù tí ẹ bá rí lórí ibùsùn. Èyí tí ẹ tẹ̀ pa tó di eruku kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìlà bírò

Iṣẹ́ tó ṣe kókó jù nìyí, ó sì jẹ́ ohun tí àwọn òbí kì í sábà ṣe. Ẹ fi bírò fa ìlà yí etí ibi tó wú ká, ní ibi tí wíwú ti parí gan-an. Ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà lára awọ ọmọ. Ẹ gbé rúlà tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ tún un yà, níbi ìmọ́lẹ̀ kan náà. Bí wíwú bá kọjá ìlà, ẹ fa ìlà tuntun, ẹ kọ aago tuntun sí i. Lára awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn rárá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju apá kejì lọ, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ó le.

Ohun tí ìlà náà ń sọ nìyí. Wíwú tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 1, tó tóbi, tó ń yún ju bó ṣe ń dunni lọ, tí ọmọ sì ń ṣeré kiri, ara ló sábà máa ń kọ itọ́ kòkòrò náà. Ó lè pọ̀ sí i títí di wákàtí 48, kó sì tó ọjọ́ 5 sí 10 kó tó lọ tán. Ìpéǹpéjú ọmọ lè wú débi pé ojú rẹ̀ ò ní ṣí, kó sì jẹ́ ẹ̀fọn lásán. Àmọ́ èyí tó ti ń rọlẹ̀, tó wá tún dìde ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tó ń dunni, tó gbóná, tó ní ọyún, tí ìlà pupa ń gòkè láti ibẹ̀, tàbí tí ibà wọ̀ ọ́, kòkòrò àrùn ti wọ inú awọ nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fún ọmọ ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn (antibiotic) ní wákàtí 12 àkọ́kọ́ fún wíwú tí oògùn náà kò lè ṣe ohunkóhun sí. Ara á wá yá ní ọjọ́ karùn-ún bó ṣe máa yá tẹ́lẹ̀, a ó sì ní oògùn ló ṣe é.

Ojú wíwú tó bá wá pẹ̀lú ibà, tí yíyí ẹyinjú ń dun ọmọ, tàbí tí ẹyinjú yọ síta, ẹ má dúró de ìlà kankan.

Bí kò bá ṣe kòkòrò tó jẹ ẹ́ rárá ńkọ́?

"Èmi náà sùn síbẹ̀, kò jẹ mí." Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń tan àwọn òbí jẹ. Àwọn ọmọ bí ọdún 2 sí 10 wà tí ara wọn ń kọ itọ́ ẹ̀fọn, ìdun tàbí kòkòrò tó ń fò lára ajá àti ológbò, nígbà tí ti àgbàlagbà ti mọ́ ọn lára. Wọ́n jẹ gbogbo yín, tiẹ̀ nìkan ló hàn. Kókó líle tó ń yún á máa yọ ní ìdì ìdì, àwọn ojú àtijọ́ á tún dìde nígbà tí tuntun bá jẹ ẹ́, ó sì lè máa lọ kó máa bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú rírán mátírẹ́ẹ̀sì. Àmì dúdú wínníwínní níbẹ̀ jẹ́ ìgbẹ́ ìdun. Ẹ mọ̀ pé ojú ìdun lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 1 kó tó yọ, nítorí náà ibùsùn tí ọmọ sùn sí lọ́sẹ̀ tó kọjá náà wà lára ohun tí ẹ ó rò.

Bí yíyún bá le jù lóru, tó wà láàárín ìka ọwọ́, ní ọrùn ọwọ́, ní ìbàdí, tàbí ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, tí ẹlòmíràn nínú ilé sì ń họra, kúrúnà ni kí ẹ fura sí: ohun tó ń gbé inú awọ ni, kì í ṣe èyí tó jẹ ẹ́ tó lọ. Ìpara permethrin 5% ni wọ́n sábà ń lò fún ọmọ tó ti pé oṣù 2. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí kan abẹ́ èékánná (orí pẹ̀lú fún ọmọ ọwọ́, láìkan ojú àti ẹnu), wákàtí 8 sí 14, kí ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7. Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ kùn ún lọ́jọ́ kan náà. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti kùn ún, owó oògùn ló ṣòfò. Yíyún ṣì lè wà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ má máa kùn ún lójoojúmọ́ nítorí ìyẹn.

Eéwo tó ní ihò tín-ín-tín lórí, tí omi ń jáde níbẹ̀, tí ọmọ sì ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ìdin eṣinṣin kan ni. Ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, eṣinṣin yìí máa ń yé ẹyin sí aṣọ tútù tí a sá àti sí yanrìn. Ẹ fi básílíìnì tó nípọn dí ihò náà kí ìdin lè yọrí wá mí, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́ sínú. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí ojú rírán aṣọ ló ń pa ẹyin rẹ̀.

Ìléròrò tó rí gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fi iná fa ìlà, tó sì wà ní ìhà méjèèjì ìgbọ̀nwọ́ bíi pé ọ̀kan tẹ àwòrán ara rẹ̀ sórí èkejì, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ ọsàn àti dúdú ni wọ́n tẹ̀ pa síbẹ̀. Kì í jẹni. Omi ara rẹ̀ ló ń jó awọ, ó sì ń pẹ́ tó bí ọjọ́ 1 kó tó hàn.

Aláǹtakùn ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ojú aláǹtakùn, tí ẹnikẹ́ni ò rí aláǹtakùn, eéwo tí kòkòrò àrùn staph fà ni.

Lọ́dọ̀ dókítà

Ẹ mú fọ́tò lọ, àti kòkòrò tí ẹ lẹ̀ mọ́ bébà, ìwọ̀n kílò ọmọ, káàdì àjẹsára rẹ̀ (nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì), àti páálí gbogbo ohun tí ẹ ti lò, títí kan èyí tójú ń tì yín láti sọ. Ìpara àpapọ̀ tó ní steroid (oògùn tó ń pẹ̀tù sí wíwú àti yíyún) nínú lè bo làpálàpá mọ́lẹ̀ tí dókítà ò fi ní dá a mọ̀. Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Aago 6 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la rí i, ó tó owó ẹyọ. Lálẹ́ ó ti di sẹ̀ǹtímítà 6, ó ń yún un, kò dùn ún. Àárọ̀ Àìkú ló ní ó ń dun òun, ibà 38.6 sì wọ̀ ọ́." Kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "aláǹtakùn ló jẹ ẹ́", orúkọ tí ẹ bá sọ lè di ohun tí wọ́n á kọ sílẹ̀. Ẹ sọ ìrìn àjò rẹ̀ ní oṣù 3 sẹ́yìn, ẹran ọ̀sìn ilé, àti igbó tó wọ̀.

Ojú ni dókítà fi ń dá èyí tó pọ̀ jù mọ̀. Bí ọyún bá wà, wọ́n lè mú un lọ yẹ̀ wò láti mọ kòkòrò àrùn tó wà níbẹ̀. Wọ́n lè ha awọ díẹ̀ fún kúrúnà. Ibà ní àdúgbò tí akọ ibà (malaria) wà gba àyẹ̀wò akọ ibà, ohun yòówù kó jẹ ọmọ. Àyíká pupa tó ń gbòòrò kọjá sẹ̀ǹtímítà 5, ní ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn eégbọn ní Yúróòpù tàbí Àríwá Amẹ́ríkà, àrùn Lyme, tí eégbọn ń kó ranni, ni wọ́n máa fura sí, wọn á sì tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ẹ̀jẹ̀, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má rí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èépá dúdú pẹ̀lú ibà lẹ́yìn eégbọn, ẹ rí i pé ẹ tọ́ka sí i.

Fún yíyún, hydrocortisone 1% lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe lórí egbò, cetirizine 2.5 mg fún ọmọ ọdún 2 sí 5, 5 mg fún ọmọ ọdún 6 sókè, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Fún ìrora, paracetamol 15 mg fún kílò kan, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Kò sí aspirin fún ọmọdé. Bó bá jẹ́ kòkòrò àrùn, cefalexin tàbí flucloxacillin ni wọ́n sábà ń kọ, ọjọ́ 5 sí 7. Pípọ́n lè kọjá ìlà díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ oògùn. Bó bá ṣì ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ padà lọ, torí ó lè jẹ́ pé ọyún wà nísàlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n là. Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ bi í: kí ni ohun mìíràn tó lè jẹ́, ọjọ́ wo ló yẹ kó ti máa rọlẹ̀, kí ni ẹ ó rí tí ẹ ó fi padà wá ṣáájú ọjọ́ náà?

Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti wú rí lẹ́yìn oyin tàbí agbọ́n nílò dókítà tó mọ̀ nípa ohun tí ara ń kọ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn rẹ̀ ni àyẹ̀wò máa ń ṣeé gbára lé. Èyí tí wọ́n bá ṣe kíákíá lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Ojú ibi tó jẹ ẹ́ tó bá di egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, bí kò tilẹ̀ dùn ún, wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èyí ṣe pàtàkì bí ọmọ bá ti dé ibi tí kòkòrò yanrìn tó ń gbé àrùn leishmania wà, torí egbò tirẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kó tó yọ, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé ìrìn àjò náà.