Bí A Ṣe Ń Ṣàbẹ̀wò sí Àwọn Ihò Inú Òkè ní Orílẹ̀-èdè Ọ́stríà

Ẹni tó bá fẹ́ wo ihò inú òkè ní Ọ́stríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó fẹ́ wò, nítorí pé ìmúra fún ihò yìnyín yàtọ̀ sí ti ihò tí odò ń gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: bí òjò ti ń rin wọ inú òkúta ẹfun, ó ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún títí ọ̀nà fi là sábẹ́ òkè.

Bí àyè ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ní, Eisriesenwelt ni kí ẹ lọ, nítòsí ìlú Werfen, ní gúúsù Salzburg. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 40 lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà kan péré láti ẹnu ọ̀nà ni yìnyín bò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń mú àlejò dé. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i. Ẹ má rò pé ẹ ti dé nígbà tí ẹ bá dé ibi ìgbọ́kọ̀sí o: ẹ ó fẹsẹ̀ gun òkè, ẹ ó wọ ọkọ̀ tí wáyà ń fà lójú òfurufú, ẹ ó sì tún rìn kí ẹ tó kan ẹnu ihò, tó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,600. Nínú ihò gan-an, àtẹ̀gùn 700 ni ẹ ó gùn, ẹ ó sì sọ iye kan náà kalẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò ní gbádùn rẹ̀ rárá. Ó sàn kí onítọ̀hún lọ wo ilé olódi Hohenwerfen ní ìsàlẹ̀.

Aṣọ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ṣe àṣìṣe. Oòrùn oṣù Keje ń ràn níta, wọ́n á sì wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ibi tí omi ti ń dì. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí kì í yọ̀ dání. Afẹ́fẹ́ ló ń fa òtútù náà. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ inú òkè lọ́wọ́ọ́rọ́ ju ti ìta lọ, nítorí náà ó ń gba àwọn àlàfo òkè jáde, ti ìta tó tutù sì ń wọlé láti ìsàlẹ̀ láti wá rọ́pò rẹ̀, títí ògiri ihò yóò fi tutù nini. Nígbà tí yìnyín ìta bá wá ń yọ́, omi rẹ̀ yóò rin wọlé, yóò sì dì mọ́ ògiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà yí padà: afẹ́fẹ́ tútù, tó wúwo jù, ń tú jáde lẹ́nu ihò, ó sì lágbára débi pé ó lè pa fìtílà kábáídì tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò nínú ihò yìí, nítorí náà ẹ fi fóònù yín sápò.

Ihò olómi kò tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni ewu ibẹ̀. Ní Lurgrotte, ní àríwá Graz, odò kún lójijì lọ́dún 1894, ó sì sé ènìyàn méje mọ́ inú ihò fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí àwọn olùgbàlà tó yọ wọ́n láàyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lamprechtsofen, ní ìhà Lofer, ṣe lè kún lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ béèrè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà bóyá wọ́n ṣí i, bí wọ́n bá sì ní ó ti di títì, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ẹ má fọwọ́ kan òkúta tí omi ń kán láti ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ọwọ́ wa kì í jẹ́ kí ó tún dàgbà mọ́. Ẹ má sì tan iná sójú àdán tó ń sùn nígbà ọyẹ́: bí ó bá jí, yóò jẹ lára ọ̀rá tí ó fi pamọ́ sára, ó sì lè kú kí oúnjẹ tó padà dé.

Ní ti ihò tí kò ní ilẹ̀kùn àti afinimọ̀nà, ẹ má wọ̀ ọ́ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún ẹnì kan níta wákàtí tí ẹ ó jáde. Bí wákàtí náà bá kọjá, kí ó pe 140, nọ́ńbà àwọn olùgbàlà orí òkè.