Bí A Ṣe Ń Fi Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Wa Kọ Ìtàn Ìwákiri

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn akọni tó wá nǹkan lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ fi ohun tó ń wá sílẹ̀ ná. Ta ló rán an? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kubwa l'Ábújá tá a bá jókòó kọ ìtàn ní Sátidé. Ẹni tó ń wá nǹkan fún ara rẹ̀ lè ṣẹ́rí padà nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n rán ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ojú ẹnì kan wà lọ́nà.

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, Akàrà-ògùn ti dá wọ igbó rí. Àmọ́ ọba ló rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ọdẹ mìíràn sì bá a lọ, kálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wá mú iṣẹ́ ilé kan. Ká ní ìyá ọkọ yín dé láti Ìkìrun, ó ní irú wooro lòun fẹ́ fi se ẹ̀fọ́. Ẹ dé ọjà Kubwa, daddawa, irú àwọn Hausa tí wọ́n ṣù roboto, lẹ bá. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kọ ọ́. Ẹ má sọ ẹni tó ń tà á di ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kó sọ òótọ́: igi igbá kan náà ni wọ́n ti mú un, kò wọ́n, ilé yín ò sì jìnnà. Ìdènà tó ní òótọ́ nínú ló ń dán akọni wò jù, torí kò sẹ́ni tó máa bá a wí tó bá gbà á. Ìyá nìkan ni yóò mọ̀.

Ẹ fún akọni yín ní alábàárìn, ẹ má sì fún ẹni méjì ní iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan gbọ́ Hausa, èkejì mọ ìyá kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń ta irú wooro ní Mararaba.

Ẹ dárúkọ ọ̀nà. "Ó rìn jìnnà" ò tó. Ẹ ní ó gba Berger, ó gba AYA, ó há sínú gosiloo ní Nyanya, kó tó kọjá ààlà bọ́ sí Mararaba ní ìpínlẹ̀ Nasarawa.

Ìrìn àbọ̀ sílé ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ máa ń fò. Bẹ́ẹ̀ irú ń rùn nínú ọkọ̀, èrò ń ráhùn, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá sì ti gbé omi kaná. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kọ ìgbà tó jíṣẹ́: ohun tí ìyá sọ nígbà tó tú ọ̀rá náà wò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.