Mítà Máìlì Pikọ́ọ̀pù Yín Kú? Ẹ Má Tíì Sáré Lọ sí Ládípọ̀

Hilux tí mo ń wà ju àkọ́bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí nọ́ńbà máìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dúró sójú kan, mi ò fura. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ń sọ fún ara mi pé mi ò rìn jìnnà ni, àfi ìgbà tí mo ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin tí mo sì padà, tí nọ́ńbà náà ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí. Rẹwáyà tí mo gbé e lọ bá kò tilẹ̀ wọnú ọkọ̀ kó tó ní, "Alàgbà, odidi mítà ni kí ẹ lọ rà ní Ládípọ̀." Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ yẹn l'Ékòó, mo rà á. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo wá mọ̀ pé gíà onírọ́bà kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ ló fọ́.

Àṣìṣe tó bí gbogbo yòókù nìyẹn: à ń ra nǹkan ká tó mọ ohun tó ń ṣe mítà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí rẹwáyà yẹn bi mí. Abẹ́rẹ́ spíìdì ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gòkè?

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù àti pikọ́ọ̀pù àtijọ́, kébù kan ló ti ìdí gíábọ́ọ̀sì wá sẹ́yìn mítà. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń rìn ni okùn irin inú kébù náà ń yí. Okùn irin yìí ń yí òòfà kékeré kan nínú mítà. Òòfà náà kò fara kan ife alumíníọ́mù tó yí i ká, síbẹ̀ ó ń wọ́ ife ọ̀hún tẹ̀lé ara rẹ̀, orí ife náà sì ni abẹ́rẹ́ spíìdì wà. Okùn irin kan náà ló tún ń yí àwọn gíà wẹ́wẹ́ tó ń ti nọ́ńbà síwájú. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè bó ṣe máa ń ṣe, tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló kú, kébù yín kò lárùn kankan. Inú mítà lẹ ó ti wá gíà tí eyín rẹ̀ ti jẹ. Bí méjèèjì bá kú pọ̀, kébù ti já nìyẹn, tàbí kó jẹ́ gíà tó ń yí i ní gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Bí nọ́ńbà bá sì ń kà tí abẹ́rẹ́ sùn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ òòfà àti ife ni kí ẹ wò.

Bó bá jẹ́ kébù lẹ ń fura sí, ẹ tú orí rẹ̀ lẹ́yìn mítà. Ẹ fi òkúta dènà táyà iwájú, ẹ fi gíà sí nútírà, ẹ fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé nǹkan tó dúró gírí, torí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ̀mí tẹ́. Kí ẹnì kan wá fọwọ́ yí ọ̀pá pùròpẹ́là. Okùn irin inú kébù gbọ́dọ̀ máa yí tẹ̀lé e. Bí kò bá yí, ẹ fà á jáde; bó bá jẹ́ ìdajì ló tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ti rí ọ̀ràn. Mẹkáníìkì tí kò bá lè ṣe èyí kó tó pe iye owó, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ.

Kébù máa ń kìlọ̀ kó tó já. Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó, kébù á sì máa dún fínrín-fínrín lówùúrọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nígbà náà ni pé a óò da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láti òkè. Ariwo á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn á ráyè wọnú mítà, á fọwọ́ ba òòfà àti ife, abẹ́rẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fa okùn irin jáde, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á láti ìsàlẹ̀ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ fi apá òkè tó sún mọ́ mítà sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Ó wá ku gíà tó fọ́. Mo ti rí ẹni tó fi gúlù lẹ̀ ẹ́, tó ní òun ṣọ́wó ná. Gúlù náà ṣàn dé ara nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ìlà náà gan pa bí ẹja yíyan. Gíà tó ti là kò ṣe é lẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé eyín ló ká. Ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ mú òkú gíà náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì rí i pé èyí tí ẹ rà ní iye eyín kan náà. Bí eyín kan bá lé tàbí dín, mítà á máa kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa kà ju bó ṣe yẹ tàbí kó máa kà á dín. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó kọ́kọ́ fọ́ ọ: bọ́tìnnì kékeré tó ń dá kíkà ìrìn-àjò padà sí òdo ni. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti ń jáde nílé epo, ọkọ̀ ti ń sáré lọ, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Gíà onírọ́bà tó ti gbẹ láti ọdún gbọ́nhan kò lè gba irú ìfàyà bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ná, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi sukudiráífà yọ abẹ́rẹ́ tipátipá. Ọ̀pá tó gbé e tín-ínrín gan-an. Kí wọ́n kọ́kọ́ sàmì síbi tó sinmi sí.

Wàyí o, odidi mítà tí mo rà. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló burú jù. Mítà tòkúnbọ̀ máa ń gbé ìtàn ọkọ̀ mìíràn wá bá tiyín ni. Hilux mi ti rin ju 312,000 kìlómítà lọ; èyí tí mo rà ń fi 96,000 hàn, máìlì ló sì ń kà, nítorí ara ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n ti tú u. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti ìdá 609 nínú ẹgbẹ̀rún. Bí èèyàn bá gbàgbé, tó ń ka máìlì bíi kìlómítà, sáfíìsì tó yẹ kó ṣe ní 5,000 kìlómítà, á di nǹkan bí 8,000 kó tó ṣe é. Ti táímìn bẹ́líìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí fáàfù àti písítìn inú ẹ́ńjìnnì forí gbárí, ló wá ń dẹ́rù bani. Ẹ́ńjìnnì díísù 2L àti 3L tó wà nínú ọ̀pọ̀ Hilux àgbà, 100,000 kìlómítà ni wọ́n ní ká máa pààrọ̀ bẹ́líìtì wọn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó bá a dé, bẹ́líìtì á já lójú ọ̀nà, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn. Owó ẹ́ńjìnnì sì kọjá owó gíà onírọ́bà.

Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ pààrọ̀ mítà lọ, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ti àtijọ́ kí wọ́n tó yọ wáyà bátìrì. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà tí tuntun fi bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, sínú ìwé ọkọ̀ yín.

Ní Amẹ́ríkà òfin ló sọ èyí di dandan. Láti ọdún 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni yí nọ́ńbà máìlì padà láti fi tan ẹni tó fẹ́ rà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta. Bí ẹni tó ń tún un ṣe kò bá lè dá nọ́ńbà náà padà síbi tó wà, ó gbọ́dọ̀ dá a sí òdo, kó sì lẹ bébà mọ́ férémù ilẹ̀kùn apá òsì, tí yóò kọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkúnbọ̀ láti ibẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún rántí pé mítà onínọ́ńbà márùn-ún máa ń padà sí òdo lẹ́yìn 99,999: pikọ́ọ̀pù tó ń fi 87,000 hàn lè jẹ́ 187,000.

Fún àwọn tí mítà wọn jẹ́ oníná, tí nọ́ńbà kì í ṣe ti gíà mọ́, àṣìṣe náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ yẹ fíúùsì wò, ẹ yẹ wáyà ilẹ̀ wò, ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ tó wà lára gíábọ́ọ̀sì wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí púlọ́ọ̀gì ti wọ pátákó mítà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ pátákó sábà máa ń sán, wọ́n á sì tún un jó. Lára ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, inú mítà fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà máìlì ń gbé, ìyẹn ni pé ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ ti pààrọ̀ ìtàn ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ní láptọ́ọ̀pù á ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ n kúkú bá yín gé e wálẹ̀." Ẹ dá a lóhùn pé rárá.

Ẹlòmíràn á sì máa bú mítà nígbà tó jẹ́ pé táyà lòun fi tóbi sí i. Ẹni tó bá yọ 205R16 tó fi 265/75R16 rọ́pò rẹ̀, mítà á máa dín nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìrìn rẹ̀.

Mo ti gbé mítà àtijọ́ mi lọ bá bàbá kan tó ń tún aago ṣe. Ó rí gíà tó bá a mu lára òkú mítà kan, ó fi sí i, ó dá a padà sínú ọkọ̀ fún mi. Fún àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò fi kà, mo ṣírò lítà epo tí mo ti rà, mo fi iye kìlómítà tí lítà kan máa ń gbé ọkọ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tí mo rà ní Ládípọ̀ ṣì wà lórí àjà, ó ń fi 96,000 hàn.